Kòkòrò Inú Ẹ̀wà Tó Olùkọ́: Báyọ́lọ́jì Àfọwọ́ṣe ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún ayẹyẹ ọdún ìdásílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́)

 

Ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe báyọ́lọ́jì. Wọ́n fún mi ní wákàtí kan. Òórùn ìrẹsì ti ń wọlé láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, nítorí náà n kò ní lò ó tán.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Ìròyìn ni báyọ́lọ́jì tí à ń kọ́ àwọn ọmọ wa, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ti wí pé ìròyìn kò tó àfojúbà. A máa ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru àìsí owó irinṣẹ́. Èmi rò pé ẹ̀bi náà wà níbòmíràn: a kì í fún ọmọ ní ìbéèrè tí àwa fúnra wa kò tíì mọ ìdáhùn rẹ̀.

Láàbù tí à ń ṣí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama wa, ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni kọ́kọ́rọ́ láàbù wà, ẹni náà sì lè má wá síbi iṣẹ́ lónìí. Àwọn ọmọ SS1 àti SS2 ń gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kọjá, wọ́n ń yọjú wo àwọn ìgò tí eruku ti bò. Inú kíláàsì ni báyọ́lọ́jì tiwọn ti ń lọ: olùkọ́ kọ nóòtù sí pátákó, ọmọ dà á kọ. Ó di SS3, tí ìdánwò àṣejáde WAEC ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Wọ́n á to ọsàn tí a gé sí méjì, ìyẹ́ adìẹ, aáyán àti tata sórí tábìlì, wọ́n á lẹ A, B, C mọ́ wọn. Ọmọ á kọ́ pé pẹ́ńsù ni a fi ń ya àwòrán, pé a kì í kùn ún, pé a gbọ́dọ̀ kọ iye ìgbà tí àwòrán fi tóbi ju ohun tí a ń yà lọ. Ó ṣe é, ó yege, ó gbàgbé.

Èmi kò bá WAEC jà. Iṣẹ́ tiwọn ni láti wọn ohun tí a ti kọ́ ọmọ. Bí a kò bá kọ́ ọ, kí ni kí wọ́n wọ̀n? Àwa ni a sọ iṣẹ́ àfọwọ́ṣe di ètùtù tí à ń ṣe kí ìdánwò má baà pa wá lára. Ọmọ tó kọ ọ́ pé ẹsẹ̀ mẹ́fà ni tata ní ti rí i nínú ìwé. Ṣé ó ti gbá tata kan mú rí, kí ó ka ẹsẹ̀ rẹ̀?

Ẹ̀wà tó ní kòkòrò

Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ní ti báyọ́lọ́jì, abuké ọ̀kẹ́rẹ́ ń bẹ nínú àpò ẹ̀wà tó wà ní kíṣìnì yín.

Gbogbo ẹni tó ti ṣa ẹ̀wà rí mọ kòkòrò tí mò ń wí. Ó kéré, ó pupa rúsúrúsú, ó ní àmì dúdú lẹ́yìn. Ìyá ọmọ á fẹ́ ẹ dànù, á sá ẹ̀wà sóòrùn, á sì máa ṣépè fún ẹlẹ́wà tó tà á fún un. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é ni Callosobruchus maculatus. Ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n gbà pé ó ti ṣẹ̀. Ẹ̀wà tí ènìyàn ń kó láti ilẹ̀ dé ilẹ̀ ló gbé e káàkiri ayé.

Ní ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà, ọ̀jọ̀gbọ́n méjì, Lawrence Blumer ti Morehouse College, ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí a dá sílẹ̀ fún àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, àti Christopher Beck ti Emory University, sọ kòkòrò yìí di ohun èlò ìkọ́ni. Wọ́n ṣètò oríṣiríṣi àyẹ̀wò tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi í ṣe, àwọn olùkọ́ níbòmíràn sì ń lo ìlànà wọn. Ẹ gbọ́ ná: kòkòrò tí àwọn ìyá wa ń fẹ́ dànù ní ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń sìn nínú ìgò lọ́hùn-ún kí ọmọ wọn lè gbọ́n.

Kí ló dé tí wọ́n yàn án? Nítorí kò ní wàhálà. Nígbà tó wà ní ìdin ni ó ti jẹ gbogbo oúnjẹ tó máa jẹ. Bí ó bá ti dàgbà tó jáde, ẹ kò nílò láti fún un lóúnjẹ tàbí lómi. Yóò gùn, yóò yé ẹyin, yóò sì kú láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Abo á lẹ ẹyin mọ́ ara ẹ̀wà, ẹyọ kan níbí, ẹyọ kan lọ́hùn-ún. Bí ẹyin bá pa, ìdin kì í jáde síta rárá. Ìsàlẹ̀ ẹyin gan-an ni ó ti ń lu èèpo ẹ̀wà wọlé. Inú ẹ̀wà ni ó ti ń jẹ, ibẹ̀ ni ó ti ń tóbi, ibẹ̀ náà ni ó ti ń para dà. Ẹni tó kọ́kọ́ wí pé inú obì ni kòkòrò tó ń jẹ obì ń gbé ti wo nǹkan fínnífínní kí ó tó lanu. Nínú ooru tiwa yìí, ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, á gé ihò roboto sí èèpo ẹ̀wà, á yọrí jáde. Bí ẹ bá fi gíláàsì tí ń sọ nǹkan di ńlá wo ìdí rẹ̀, ẹ ó rí i pé abo ní àbàwọ́n dúdú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ti akọ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ohun èlò kò ju báyìí lọ: ìgò ẹnu gbòòrò, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ó fi bo ẹnu rẹ̀, rọ́bà tí a ó fi dè é, ẹ̀wà tó mọ́, àti kòkòrò. Kí ẹ̀wà tó mọ́ lóòótọ́, a ó kọ́kọ́ tì í sínú fíríṣà fún ọjọ́ mélòó kan kí ohun tó ti fara pamọ́ sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kú. (Bí iná bá wà. Mo mọ ibi tí a wà.) Ní ti kòkòrò, ẹ lọ bá ẹlẹ́wà lọ́jà. Inú rẹ̀ á dùn láti rí ẹni tó fẹ́ ẹ̀wà tó ti jẹ.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyí. Bí a bá fi akọ kan àti abo kan sínú ìgò pẹ̀lú ogún hóró ẹ̀wà, ṣé abo yóò kàn máa yé ẹyin síbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbé e dé ni, àbí yóò máa wò ó bóyá ẹyin ti wà lára hóró kan kí ó sì yà fún un? Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, n kò ní sọ ìdáhùn rẹ̀ fún yín, mo sì bẹ olùkọ́ yín kí ó má sọ ọ́. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ da ẹ̀wà náà sórí ìwé funfun, ẹ mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ka ẹyin ara rẹ̀. Hóró mélòó ló ní ẹyọ kan? Mélòó ló ní méjì? Mélòó ni kò ní rárá? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ tó lọ wo ohun tí àwọn tó wà ní tábìlì kejì kọ.

Ìbéèrè kejì ló dùn mọ́ mi jù, nítorí ó kan ọjà. Ẹ bi àwọn ìyá àgbà ní àdúgbò léèrè ohun tí kì í jẹ́ kí ẹ̀wà jẹ. Ọ̀kan á ní eérú. Òmíràn á ní ata gbígbẹ. Ẹnì kan á ní ewé dongoyárò tí a sá gbẹ tí a gún, ẹnì kan á ní kí a fi òróró ẹ̀pà díẹ̀ pa á lára. Ta ló jàre? Ẹ mú ìgò márùn-ún, ẹ ka àádọ́ta hóró ẹ̀wà sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Eérú wọ ọ̀kan, ata wọ èkejì, dongoyárò wọ ẹ̀kẹta, òróró wọ ẹ̀kẹrin. Ẹ̀karùn-ún, ẹ má fi nǹkan kan sí i. Òun ni a ó fi wọn àwọn yòókù, ẹni tí kò bá sì ní irú ìgò bẹ́ẹ̀ kò ní ẹ̀rí kankan. Akọ mẹ́ta, abo mẹ́ta sínú ìgò kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ẹ ka ẹyin. Lẹ́yìn oṣù kan àti díẹ̀ ẹ ka ihò.

Mo ń sọ èyí níwájú ìyálọ́jà pẹ̀lú ọ̀wọ̀: àwọn kan wà tí wọ́n ń da oògùn apakòkòrò olóró sí ẹ̀wà tí ènìyàn yóò jẹ, NAFDAC, àjọ tí ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, sì ti kìlọ̀ lórí rẹ̀ léraléra. Ọmọ SS1 tó bá ti fi ojú ara rẹ̀ ka ihò nínú ìgò márùn-ún ní ohun tí ó lè sọ fún ìyá rẹ̀ tí ń ta ẹ̀wà, tí ìyá náà yóò sì gbọ́.

Ẹ má pè é ní eré ọmọdé. Ní IITA, ilé ìwádìí ọ̀gbìn ilẹ̀ olóoru tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, oríṣi irúgbìn ẹ̀wà tó lé ní 15,000 ni wọ́n tọ́jú pamọ́. Nínú wọn ni àwọn onímọ̀ ti rí èyí tí wọ́n pè ní TVu 2027, tí ara rẹ̀ kò gba kòkòrò yìí bọ̀rọ̀. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Wọ́n kó ẹ̀wà àti kòkòrò pọ̀, wọ́n dúró, wọ́n kà.

Ibi tí iṣẹ́ olùkọ́ ti le nìyí. Bí ìgò eérú bá so èsì tí kò bá ti ìwé mu, tàbí tí tábìlì kan rí ìdàkejì ohun tí tábìlì kejì rí, ẹ má sọ fún ọmọ pé kò ṣe é dáadáa, kí ẹ wá fún un ní iye tó tọ́ kí ó dà kọ. Ẹ bi í pé: ṣé eérú náà gbẹ? Ṣé kòkòrò kan kò kú kí ó tó yé ẹyin? Ṣé akọ ni gbogbo ohun tí ẹ pè ní abo? Olùkọ́ tí kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "N kò mọ̀, ẹ jẹ́ kí a tún un ṣe," yóò máa bẹ̀rù láàbù títí yóò fi fẹ̀yìn tì.

Patanmọ́ inú òkùnkùn

Kò sí ọmọ tó dàgbà níbi tí koríko wà tí kò tíì fọwọ́ kan patanmọ́ rí kí ewé rẹ̀ pa dé. Ìdí ewé kọ̀ọ̀kan ní ibi tó wú díẹ̀. Bí a bá fọwọ́ kàn án, omi á sá kúrò lápá kan ibẹ̀, ewé á sì wó. Ìṣẹ́jú mélòó ni yóò gbà kó tó là padà? Ṣé ewé àgbà àti ewé ọ̀dọ́ dọ́gba? Àárọ̀ ńkọ́, ọ̀sán ńkọ́? Aago kan ti tó láti mọ̀.

Patanmọ́ tún ń pa dé bí ilẹ̀ bá ṣú, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ní 1729, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Jean-Jacques d'Ortous de Mairan, ẹni tó jẹ́ pé ìràwọ̀ ojú ọ̀run ni iṣẹ́ rẹ̀, gbé irú ewéko bẹ́ẹ̀ síbi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé láti mọ̀ bóyá oòrùn ló ń ṣí i. Ewé náà ṣì ń là lójúmọ́, ó ń pa dé lálẹ́, nínú òkùnkùn. Láti ibẹ̀ ni ìmọ̀ nípa aago tí ẹ̀dá oníyè gbé sínú ara ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2017, Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young gba ẹ̀bùn Nobel nítorí pé wọ́n rí bí aago náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú eṣinṣin kékeré.

Ilé-ẹ̀kọ́ yìí ní kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ̀yìn ògiri yín ní patanmọ́. Ẹ̀yin ọmọ bọ́dìńgì tí ẹ kì í fẹ́ sùn lálẹ́, iṣẹ́ dé: kí ẹni méjì máa lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta, iná bàìbàì ni kí wọ́n lò, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ mélòó ni yóò fi máa bá aago rẹ̀ lọ kí ó tó sú u? Ẹ̀yin ni ẹ ó sọ fún wa.

Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò, ẹ má sùn

Gregor Mendel, àlùfáà inú ọgbà àwọn ẹlẹ́sìn ní Brno, ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Czech lónìí, kò ní ẹ̀rọ kankan tó ju ọgbà ẹ̀wà píìsì lọ. Ó fẹ́ mọ bí àbùdá òbí ṣe ń dé ara ọmọ. Ní ìran kejì, ó ka 5,474 hóró tó rí roboto àti 1,850 tó hunjọ. Ẹ pín in wò. Ó tẹ èsì iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1866, ó sì ti kú tipẹ́ kí ayé tó mọ ohun tí ó kà.

Iṣẹ́ rẹ̀ kàn wá nílé ju bí a ṣe rò lọ. Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ló ń béèrè ọ̀rọ̀ jẹ́nótáìpù kí wọ́n tó gba ọmọ láyè láti fẹ́ ẹnì kan: AS ni ẹni tó kàn gbé àrùn sickle cell sínú ẹ̀jẹ̀, SS ni ẹni tí àrùn náà ń ṣe. Ẹ gbé abọ́ méjì kalẹ̀, ọ̀kan fún bàbá, ọ̀kan fún ìyá, tí àwọn méjèèjì jẹ́ AS. Ẹ ka ẹ̀wà funfun àti pupa tó dọ́gba sínú wọn. Funfun ni A, pupa ni S. Ẹ di ojú, ẹ fa ẹyọ kan nínú abọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tó jáde, ẹ dá a padà, ẹ tún fà. Ẹ ṣe é ní ọgọ́rùn-ún ìgbà. Pupa méjì, ìyẹn SS, á máa sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn: nígbà mìíràn pupa méjì á jáde lẹ́ẹ̀mejì, àní lẹ́ẹ̀mẹta, léra wọn. Mo ti gbọ́ lẹ́nu àgbàlagbà tó kàwé pé bí àkọ́bí tọkọtaya AS bá jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta tó kù ti bọ́. Abọ́ kì í rántí ohun tí a fà ṣáájú. Ọmọ tó bá ti fa ẹ̀wà náà kò ní gba irú ìtùnú bẹ́ẹ̀ gbọ́ láé.

Ọjà ẹran, ọ̀gẹ̀dẹ̀, àti ohun tí n kò fẹ́

N ó yára lórí àwọn yòókù. Áyódìn tí wọ́n ń tà nílé oògùn yóò sọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí kò tíì pọ́n di dúdú kirikiri. Ẹ kán an sí èyí tó ti pọ́n dáadáa, ẹ wo ibi tí sítáàṣì lọ. Tanwíji inú agolo àti inú gọ́tà tún wà: èyí tó bá gbé ara rẹ̀ tẹ́jú sójú omi, ọmọ ẹ̀fọn Anopheles tí ń gbé ibà kiri ni, èyí tó bá dorí kodò, tó gbé ìdí sókè láti mí, ẹ̀yà ẹ̀fọn mìíràn ni. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo agolo náà, kí a má baà fi báyọ́lọ́jì bí ẹ̀fọn fún àdúgbò.

Alápatà sì wà lọ́jà tí ó mọ inú ẹran ju ìwé lọ. Fùkù ewúrẹ́ kan àti pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ yóò fi hàn bí èémí ṣe ń wọ ara. Ẹ la ọkàn rẹ̀, ẹ wo àwọn ilẹ̀kùn inú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ padà sẹ́yìn. Ṣàkì tí à ń jà sí lóde àríyá, ara ikùn màlúù alápá mẹ́rin ni, ibi tí koríko ti ń wú kí màlúù tó pọ̀ ọ́ jẹ lẹ́ẹ̀kejì.

Nítorí ẹ̀yà ara tó wà lọ́jà yìí, n kò rí ìdí tí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi gbọ́dọ̀ pa ọ̀pọ̀lọ́ tirẹ̀. Ohun kejì tí n kò fẹ́ ni gígún ìka ọmọ láti wo ẹ̀jẹ̀ ní kíláàsì. Abẹ́rẹ́ tàbí abẹ tó kan ara ọmọ kan tó tún kan ti ẹlòmíràn lè kó àrùn tí ilé-ẹ̀kọ́ kò lè wò ràn án. Ẹ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ilé ìwòsàn.

Èdè wo ni ọmọ yóò fi sọ ohun tí ó rí?

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́, níbi tí àwọn ọmọ ti kọ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn ẹ̀kọ́ yòókù ní Yorùbá fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan. Nígbà tí a wọ̀n wọ́n, wọn kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun tí mo fẹ́ fà yọ níbẹ̀ fún olùkọ́ girama kéré. Nígbà tí ọmọ bá ń wo ìgò, ẹ jẹ́ kí ó kọ ohun tí ó rí ní èdè tí ó fi ń rí i. Ọmọ tí a ní kí ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ á sá padà sínú ìwé lọ ha gbólóhùn kan jáde, ohun tí ojú rẹ̀ rí á sì ṣòfò. Gẹ̀ẹ́sì ti WAEC á dé bó bá yá. Ó ní àsìkò tirẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀

   

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bẹ̀. Mo mọ̀ pé bí ọdún ìdásílẹ̀ bá pé, géètì tuntun tí a kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí ni ọkàn yín máa ń lọ sí. Ẹ kọ́ ọ, ó dára. Ṣùgbọ́n kí bíríkì àkọ́kọ́ tó délẹ̀, ẹ yọ ìwọ̀nba owó díẹ̀ níbẹ̀, ẹ fi ra gíláàsì tí ń sọ nǹkan di ńlá tó máa kárí kíláàsì kan, kí ẹ sì bá wa gé kọ́kọ́rọ́ láàbù sí mẹ́ta. SS1 ni kí wọ́n kọ́kọ́ lò wọ́n, ní táàmù yìí.